Béèlì Ọ̀fẹ́, Oníduro Ọ̀wọ́n: Àyẹ̀wò Kóòtù Májísíréètì Àkúrẹ́ fún Ẹni tí Kò Lówó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú kan náà ni kóòtù fi ń wo olówó àti tálákà ní Àkúrẹ́, kó má wulẹ̀ retí ọjọ́ ìdájọ́. Adájọ́ tó máa dá èèyàn lẹ́bi torí pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti já kò wọ́pọ̀. Orí béèlì ni tálákà ti ń fìdí rẹmi, láàárín téṣàn ọlọ́pàá sí kóòtù Májísíréètì, kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣe. Ibẹ̀ gan-an la ti fẹ́ yẹ iṣẹ́ téṣàn àti kóòtù wò, ká sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 10.

Ká ti téṣàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 1. Kò sí téṣàn ìgboro Àkúrẹ́ tó lè sọ pé kóòtù jìnnà sóun. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá mú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí kò ní lọ́yà tó lè pè, àfàìmọ̀ ni kò ní di ọjọ́ Ajé kó tó rí adájọ́. Owó epo ọkọ̀, owó bébà, owó "ẹ wá nǹkan ṣe sí i", tí ẹnikẹ́ni kì í já rìsíìtì fún, ló máa ń mú ọjọ́ yẹn yá. Máàkì téṣàn: 3 nínú 10.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló burú jù níbẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá 2020 kà á léèwọ̀ kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́, àmọ́ ìyálọ́jà tó jẹ owó ọjà ṣì ń sùn sí sẹ́ẹ̀lì. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á yí gbèsè padà sí jìbìtì lórí ìwé ẹ̀sùn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀, ẹ san án gba báńkì, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lásán. Ẹni tó ti san lára gbèsè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó di pé wọ́n mú un, ó ṣòro kí wọ́n pè é ní gbájúẹ̀. Ẹ má sì tẹ̀ka sí ìwé tí wọn ò kà sí yín létí lédè Yorùbá látòkè délẹ̀.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé kóòtù, bóyá ní Òkè-Ẹ̀dá tàbí ibòmíràn, nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀. Bí adájọ́ bá ní "béèlì ₦200,000 pẹ̀lú oníduro méjì", kò ní kí ẹ lọ yá ₦200,000 wá. Ìwé àdéhùn ni oníduro máa fọwọ́ sí pé bí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ, òun á san iye yẹn. Bí kóòtù bá tiẹ̀ ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀, ẹni tó san án ló máa gbà á padà nígbà tí ẹjọ́ bá parí, bí olùjẹ́jọ́ ò bá ti sá. Ẹ gba rìsíìtì kóòtù, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní kí ẹ ka owó béèlì sóun lọ́wọ́ lábẹ́ igi níta, olè ni.

Ìwé ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń béèrè oníduro tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ipele kan tàbí tó ní ilé, ìwé-ẹ̀rí owó orí ọdún 3, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìbúra nípa ohun tó ní, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù (ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ láti ilé, kí wọ́n má baà dá yín padà). Lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ kóòtù á lọ wo ilé oníduro. Bí wọn ò bá parí gbogbo rẹ̀ kí ìwé ìtúsílẹ̀ tó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùúta, olùjẹ́jọ́ á sùn síbẹ̀. Alágbàro oko kòkó ní Ìdànrè, tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, níbo ló ti máa rí òṣìṣẹ́ ìjọba ní ipele 8? Ohun tó fa àwọn oníduro tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ṣòwò nìyẹn. Ayédèrú ni ìwé-ẹ̀rí owó orí mìíràn tí wọ́n ń mú wá, bí àṣírí bá sì tú, olùjẹ́jọ́ ló ń padà sí àhámọ́.

Ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó. Lójúkan náà tí adájọ́ bá ti sọ ohun tó fẹ́, kí olùjẹ́jọ́ tàbí lọ́yà rẹ̀ nawọ́, kó ní òun kò lè rí òṣìṣẹ́ ìjọba, kí kóòtù jọ̀wọ́ gba àlùfáà ìjọ, ìmáàmù, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí mọ̀lẹ́bí tó ń gbé ìlú. Ọ̀pọ̀ adájọ́ máa ń gbọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Obìnrin pẹ̀lú lè ṣe oníduro fún èèyàn. Ẹni tó bá lé ìyá yín padà torí pé ó jẹ́ obìnrin, kò mọ òfin. Béèlì: 4 nínú 10, nítorí pé adájọ́ tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa láyè láti ṣe é.

Ìbéèrè "o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" tún jẹ́ ọ̀fìn. Àwọn kan á gba olùjẹ́jọ́ níyànjú pé kó gbà, kó lè tètè relé. Ó lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí owó ìtanràn ni yóò bá pàdé, bí kò bá sì rí ìtanràn san, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹni tó bá ní àwíjàre, irú bíi "mo mú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó jẹ mí lówó iṣẹ́", kó sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ògbufọ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú òfin ìpìlẹ̀, abala 36. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ̀sùn tó wúwo ju agbára Májísíréètì lọ, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ló ń jẹ́ kí èèyàn pẹ́ jù ní Olókùúta. Kóòtù á fi olùjẹ́jọ́ sí àhámọ́, fáìlì á lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn, a ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ìwé ẹjọ́ náà sì wà níbòmíràn. Kí ẹbí gba nọ́mbà fáìlì, kí wọ́n máa béèrè ibi tó dé. Nígbà tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ bá ń bẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò láti tú àwọn tó ti pẹ́ jù sílẹ̀, orúkọ tó bá wà lórí àkọsílẹ̀ ọgbà ló máa rí. Ẹ bá òṣìṣẹ́ alákòóso ìgbáyégbádùn ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà nínú òfin. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní lọ́yà, ń gba ẹjọ́ ẹni tí owó rẹ̀ lóṣù kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè, èyí tó ti di ₦70,000 láti 2024. Wọ́n ń gba ẹ̀sùn ìpànìyàn, olè, ìdigunjalè, ìfipábánilòpọ̀ àti lílu èèyàn. Ìwé ìbúra kan ni wọ́n máa ń fi mọ̀ pé owó kò sí. Lọ́yà wọn mọṣẹ́, àmọ́ wọn ò pọ̀ tó, nítorí náà ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, ẹ má dúró dé àárọ̀ ọjọ́ náà. 6 nínú 10.

Kóòtù ìbílẹ̀ la fún ní máàkì tó ga jù, 7. Ẹnu ara ẹni lèèyàn fi ń rojọ́ níbẹ̀, lédè tó yé tọ̀túntòsì, owó ìwé kò sì wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ti gbèsè kékeré tàbí ilé tó fẹ́ tú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ fi téṣàn sílẹ̀.