Dọ́là 86 lórí tọ́ọ̀nù kan: ṣé iṣẹ́ ìdọ̀tí Oneida àti Herkimer tó owó tó ń gbà nígbà ẹjọ́ rẹ̀?

Ká tibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn akólẹ̀, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí, pe àjọ ìdọ̀tí káúńtì Oneida àti Herkimer ní ìpínlẹ̀ New York, Amẹ́ríkà, lẹ́jọ́, torí òfin ní ọ̀dọ̀ àjọ náà nìkan ni kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí lọ. Nígbà tí ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́, iye tí àjọ náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn akólẹ̀ kò dín ní dọ́là 86 lórí tọ́ọ̀nù kan. Àwọn akólẹ̀ mú ẹ̀rí wá pé bí wọ́n bá lè jẹ́ kí àwọn gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, dọ́là 37 sí 55 péré ni yóò ná àwọn, owó ọkọ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀nù àwọn ará Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi kílò 907. Tí àpò ìdọ̀tí kan láti inú ilé bá wọn kílò 9, ó di bíi sẹ́ǹtì 85 lọ́dọ̀ àjọ, sẹ́ǹtì 37 sí 55 níbòmíràn. Ẹni tó ní àpò kan lẹ́nu ọ̀nà lè máà bìkítà. Ẹni tó ń kó ọkọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́ kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí onílé kọ́kọ́ ní láti mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé kò sí pé mo fẹ́ tàbí mi ò fẹ́ níbẹ̀. Ọdún 1988 ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dá àjọ yìí sílẹ̀, àwọn káúńtì méjèèjì sì ṣòfin pé gbogbo ìdọ̀tí àti ohun àtúnlò tí wọ́n bá kó ládùúgbò wọn gbọ́dọ̀ dé ibùdó àjọ. Ẹni tó kó o lẹ́nu ọ̀nà rẹ lè jẹ́ aládàáni. Ibi tó máa dà á sí ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Akólẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ, bó bá sì gba ẹ̀yìn gbé ẹrù lọ síbòmíràn, wọ́n lè gbàwé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e, ó tilẹ̀ lè dẹ́wọ̀n.

Ó le, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ kí òfin yẹn tó dé. Kálukú ìlú ló ní ààtàn tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé àṣẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n ti mẹ́rìndínlógún nínú wọn pa, kí wọ́n sì tún ilẹ̀ àyíká wọn ṣe, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló sì ti àpò ará ìlú jáde fún un. Lórí ààtàn kan ní Oneida, ẹjọ́ fẹjú débi pé ilé iṣẹ́ tó lé ní 600, pẹ̀lú àwọn ìlú àti àwọn ilé ẹ̀kọ́, ni wọ́n fà wọ̀ ọ́, torí pé ìdọ̀tí wọn wà nínú òkìtì náà. Ìdọ̀tí tó dà bíi pé kò náni púpọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yìn ni owó rẹ̀ ti jáde.

Kí wá ni dọ́là 86 yẹn ń rà nígbà náà? Ìwé ẹjọ́ sọ pé àjọ náà ń gba oríṣi ohun àtúnlò 33, ó ń sọ ewé àti koríko di ìlẹ̀dú, ó sì ń gba àwọn ohun olóró inú ilé bí ọ̀dà àti oògùn kòkòrò. Ọgbọ́n inú ètò owó rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí ló ń gbọ́ bùkátà àtúnlò. Ẹni tó bá ya agolo àti páálí sọ́tọ̀ dín ẹrù olówó gọbọi kù. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ń san jù. A fẹ́ràn ibẹ̀. Ohun tí a ò fẹ́ràn ni pé bí owó tí àwọn akólẹ̀ ń san kò bá ká ìnáwó àti gbèsè àjọ, àwọn káúńtì ló máa dí i. Ìyẹn ni pé bí ìdọ̀tí ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni owó ń dín kù, gbèsè kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹnu ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ akólẹ̀ ti ń pàdánù owó láìmọ̀. Wọ́n á wọn ọkọ̀ nígbà tó bá wọlé pẹ̀lú ẹrù, wọ́n á tún un wọ̀n nígbà tó bá ń jáde lófìfo. Ọkọ̀ tó wọlé ní tọ́ọ̀nù 22, tó jáde ní 14, da tọ́ọ̀nù 8: ní dọ́là 86 ìgbà ẹjọ́ náà, dọ́là 688 nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀ sínú ẹrù tí wọn ò bò, ìdajì tọ́ọ̀nù omi péré ti mú dọ́là 43 lọ, omi lásán o. Ẹ bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ sì sọ fún onílé kó dé garawa ìdọ̀tí rẹ̀. Fún àwọn tó ní ilé oúnjẹ, kí wọ́n sẹ́ omi ọbẹ̀ kúrò kí wọ́n tó so ẹnu àpò.

Ní ti garawa àtúnlò, ọ̀rá, ìyẹn àpò náílọ́ọ̀nù, ni ọ̀tá àkọ́kọ́ nínú irú ètò yìí níbikíbi. Nílé ìyapa, ẹrù máa ń gba orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo tó ń yí lórí ọ̀pá irin; páálí á gun orí kọjá, ìgò àti agolo á jábọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀rá kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Á wé mọ́ ọ̀pá náà bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́, títí àlàfo àárín àwo á fi dí. Wọ́n á pa ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ á gun inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀bẹ, á máa gé e fọ́nránfọ́nrán. Torí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rá di ohun àtúnlò. Ẹ dà á sínú garawa bẹ́ẹ̀. Páálí tí epo oúnjẹ ti gbẹ sí lára kò wúlò mọ́, ẹ ju ìyẹn sínú ìdọ̀tí.

Bátìrì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní lithium, irú ti fóònù, bí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó lè gbiná láàárín páálí. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni òfin ìpínlẹ̀ New York ti ní kí onílé má ju bátìrì tó ṣeé gba iná sí sínú ìdọ̀tí mọ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á sì gbọ́dọ̀ gbà tó mẹ́wàá lóòjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà má ra nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà wọnú irú èèwọ̀ kan náà láti oṣù Kìíní ọdún 2015.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àṣẹ kan náà ṣe lè bàjẹ́, kó wo Clarkstown, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ibẹ̀, aládàáni kan ló kọ́ ibùdó tí ìdọ̀tí á gbà kọjá, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là kan ààbọ̀ dín díẹ̀. Ìlú á rà á ní dọ́là kan lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Títí dìgbà náà, ìlú ṣèlérí tọ́ọ̀nù 120,000 lọ́dọọdún fún un ní dọ́là 81 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdọ̀tí kò bá pé, ìlú á san ohun tó kù. Ilé iṣẹ́ àtúnlò tó ti ya ìdọ̀tí tán gbọ́dọ̀ kó ìyókù lọ síbẹ̀, kó sì san owó bí ẹni tí kò yà á rárá. Ta ló máa wá dín ìdọ̀tí kù?

Àṣírí tú lóṣù Kẹta ọdún 1991, nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé kan forí sọ afárá lójú ọ̀nà Palisades. Ọlọ́pàá tú ẹrù rẹ̀ wò, wọ́n bá ìdì ìdọ̀tí 23, tí Carbone, ilé iṣẹ́ àtúnlò kan ní Clarkstown, ń kó lọ sí ìpínlẹ̀ Indiana. Ìlú pè é lẹ́jọ́. Ní 1994, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin Clarkstown, torí ó gbé ọjà fún aládàáni kan ṣoṣo, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó wà lóde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, adájọ́ ilé ẹjọ́ kan náà, mẹ́fà sí mẹ́ta, ní kí òfin ti Oneida-Herkimer dúró. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ni pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ni ibùdó yìí, àti pé gbogbo aládàáni, ọmọ ìlú tàbí àlejò, ló ń san iye kan náà.

Nítorí náà, a fọwọ́ sí ti Oneida-Herkimer, a ò fọwọ́ sí irú ti Clarkstown. Onílé tó ní bátìrì, ọ̀dà tó ṣẹ́kù àti páálí púpọ̀ ló máa jèrè rẹ̀ jù. Akólẹ̀ tí kò kó ohun àtúnlò rárá ló máa kérora jù, ẹjọ́ rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání níwọ̀n ìgbà tí owó náà bá ń ga láìsí àkọsílẹ̀. Ìwé ìnáwó àjọ ni kó lọ béèrè fún, kó wo iye tó ń lọ sí gbèsè àti iye tó ń lọ sí àtúnlò, kó tó wọ ìpàdé.