Ọdún oòrùn tàbí ọdún òṣùpá?

Ẹni tó pé ọdún 66 lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri ti pé 68 bí a bá fi Híjírà, kàlẹ́ńdà òṣùpá àwọn Mùsùlùmí, kà á. Kò purọ́ ọjọ́ orí o; ọdún méjèèjì ni kò gùn dọ́gba.

Ọdún oòrùn jẹ́ ọjọ́ 365 àti wákàtí mẹ́fà ó dín nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Kàlẹ́ńdà Julius Caesar kà á sí wákàtí mẹ́fà géérégé, àṣìṣe náà sì ń gorí ara títí di 1582, tí Póòpù Gregory Kẹtàlá fi yọ ọjọ́ mẹ́wàá dànù: àwọn ará Róòmù sùn ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá, wọ́n jí ní ọjọ́ 15. Ìlànà rẹ̀ náà ló jẹ́ kí Oṣù Kejì ọdún 2000 ní ọjọ́ 29, tí ti 1900 kò sì ní.

Ọdún òṣùpá kò ní wàhálà yẹn. Oṣù méjìlá, ọjọ́ 354 tàbí 355, ó parí. Ṣùgbọ́n kì í bá òjò rìn. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún, lónìí nínú ọyẹ́, lọ́la nínú ooru. Ní 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò bẹ̀rẹ̀, ní Oṣù Kìíní àti Oṣù Kejìlá.

Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin àgbàdo, kó bá oòrùn lọ. Àmọ́ lójú tèmi, ti òṣùpá ló dùn jù: kò sẹ́ni tó ń jáde síta lálẹ́ láti wá ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní lójú ọ̀run.