Ẹ̀rọ yógọ́ọ̀tì onífe méje: oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lò ó

Ikùn mi ló rán mi níṣẹ́. Tí mo bá mu mílíìkì lásán, kí wákàtí méjì tó pé, inú mi á ti wú, á sì máa kùn. Bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni mo ti ń mu nónò àwọn Fúlàní, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣúgà inú mílíìkì ni kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àwa àgbàlagbà. Tí mílíìkì bá ti kan, bíi nónò tàbí yógọ́ọ̀tì, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á ti bá wa jẹ lára ṣúgà náà, wọn á tún bá wa da ìyókù nínú ikùn.

Ni mo bá ra ẹ̀rọ kékeré yìí ní Dùgbẹ̀, ₦28,000 lẹ́yìn tí mo ná an títí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: kì í se nǹkan kan. Kí mílíìkì ṣáà lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí 8 ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyókù, ọwọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á ló wà.

Màá po mílíìkì pàúdà kó ki dáadáa, màá gbé e kaná títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, bíi 85°C. Ooru yẹn ló ń jẹ́ kí yógọ́ọ̀tì ki. Ọjọ́ tí mo fo ibẹ̀, omi ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ ni mo mu. Lẹ́yìn náà, á tutù dé nǹkan bíi 43°C. Ẹni tó bá kánjú níbí á fi ooru pa kòkòrò tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Èmi ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì! Ìgbà yẹn ni màá po ṣíbí méjì yógọ́ọ̀tì tí kò ládùn mọ́ ọn. Ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa: Lactobacillus bulgaricus àti Streptococcus thermophilus lẹ ń wá, kí wọ́n sì wà láàyè. Èyí tí wọ́n tún gbé kaná lẹ́yìn tó ti kan, òkú ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló ń sọ ṣúgà mílíìkì di ásíìdì, ásíìdì náà ló sì ń mú kó dì.

Tèmi kì í ní ju oyin díẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lójú títì, ṣúgà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àléébù rẹ̀: wáyà rẹ̀ kúrú, kì í sì í fúnra rẹ̀ paná tí àkókò bá pé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ nígbà tó di wákàtí kẹta. Mo kó àwọn ife náà sínú kúlà, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti dì ju ti ẹ̀rọ lọ. Màmá mi wò mí: “Ṣé kúlà tó wà nílé yìí lo lọ fi ₦28,000 rà?”

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Àwọn ife gíláàsì yẹn ló gba ẹ̀kẹta.