Lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́ kan ní Tanke, Ìlọrin: ẹnu ọmọ ń là, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jù

Ohun tó mú lẹ́sìnnì àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì yìí yàtọ̀ ni pé ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ jù, kì í ṣe tíṣà. Méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó. Ọ̀kan á bi èkejì ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú 3, wọ́n á wá pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á dìde ròyìn ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ wí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń jáde: "My sister, he is in SS2." "Ó" kan náà ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ìdí nìyẹn. Tíṣà kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ; á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ìparí kó tó tún un ṣe. Èyí wù wá gan-an, torí ọmọ tí wọ́n bá ń dá lẹ́kun ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dákẹ́.

Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ nílé pé kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú bó bá ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Iwájú orí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ máa wò.

Ibi tó kù sí ni ìró. Yorùbá kò ní "v" àti "z": "very" ń di "fẹ́rì", "zoo" ń di "súù", WAEC sì ń dán ìró wò. Ọmọ 24 lọ́dọ̀ tíṣà kan pọ̀ jù fún èyí. 12 ni ì bá tó. Kí òbí tó sanwó, kó bi wọ́n: ìṣẹ́jú mélòó lọmọ mi máa fi sọ̀rọ̀ lójúmọ́?