Àgbéyẹ̀wò Access to Medicine Index: ipò kìíní àti oògùn tó wà lórí káńtà

Nínú gbogbo ìwé tó ń to àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ipò-ipò, èyí tí mo kà sí jù lọ ni Access to Medicine Index, tí àjọ Access to Medicine Foundation ní orílẹ̀-èdè Netherlands ń gbé jáde láti ọdún 2008, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló dá lé. Ogún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, irú bíi Pfizer, Novartis, GSK àti Sanofi, ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì, tí wọ́n á sì fún kálukú ní máàkì lórí bó ṣe ń sapá kí oògùn lè dé ọwọ́ àwọn tí kò rí já jẹ. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni ojú ewé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ipò tó wà àti máàkì tó gbà ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ohun tó ti yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àti ibi tó yẹ kó tún tẹra mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá fọwọ́ rọ́ ìmọ̀ràn náà sẹ́yìn mọ̀ pé ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, níṣojú àwọn tí wọ́n jọ ń bára wọn díje. Ibí gan-an ni agbára rẹ̀ wà. Àwọn olùdókòwò tó lé ní ọgọ́rùn-ún ti fọwọ́ sí i pé àwọn ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn, ọ̀gá tí kò bá sì ka igbe aláìsàn sí, dandan ni kó ka ọ̀rọ̀ ẹni tó fowó sí òwò rẹ̀ sí. GSK ló wà ní ipò kìíní láti ẹ̀dà àkọ́kọ́ títí dé ti 2022, kí Novartis tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2024.

Ibì kan wà tó ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò kéré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK kéde pé òun kò ní máa ta oògùn fúnra òun ní Nàìjíríà mọ́, pé àwọn alágbàtà ni yóò máa bá òun kó o wọlé. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀wọ́n dọ́là wà lára ohun tó fà á, mi ò sì lè di ẹ̀bi ìyẹn rù wọ́n. Ṣùgbọ́n owó oògùn fò sókè káàkiri ìlú. Mo wà ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ìbàdàn nígbà tí ìyá kan ń yí páálí oògùn ikọ́ fée, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu, síwá sẹ́yìn; ó béèrè iye rẹ̀, ó tún un béèrè, ó sì rọra gbé e padà sórí káńtà.

Ohun tó ju ìdajì máàkì lọ nínú àtòjọ yìí ló wà fún bí oògùn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, èyí tó tọ́ tó sì yẹ. Síbẹ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pa pọ̀ di máàkì kan ṣoṣo, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan fi ń rì sínú ti ìyókù. Ká ní ojú ewé wà fún Nàìjíríà bó ṣe wà fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn oníròyìn àti àwọn apoògùn wa ì bá rí ohun dìmú láti fi bi wọ́n ní ìbéèrè.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tó kù, mo fi í pamọ́ de ojú ewé yẹn.