Bọ́ọ̀dù líle àbí aláfẹ́fẹ́: ẹ kà á kí ẹ tó náwó

Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta tó ní òun fẹ́ ra pádùbọ́ọ̀dù, pátákó gígùn téèyàn ń dúró lé lórí omi tó sì ń fi àjẹ̀ wà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Òkun wo ló wà ní Ìtòkò?" Wọ́n bi èmi náà. Mo ní Odò Ògùn tó ń gba abẹ́ afárá Láfẹ́nwá kọjá yìí, ṣebí inú ọ̀sà Èkó ló ń já sí. Mo ti lo bọ́ọ̀dù líle, mo ti lo aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fẹ́, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n kan tó ní ọkọ̀ onígbòkun lọ sí Tarkwa Bay, etí òkun kan l'Ékòó, nígbà mélòó kan. Gígùn àti ìbú tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ̀yin náà lè kà á. Èyí tí wọn kì í kọ síbẹ̀ ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú àwọn kékeré.

Eré: líle ló yá jù. Ẹnu rẹ̀ ń la omi. Aláfẹ́fẹ́ ń lékè omi bí òṣíbàtà.

Ìdúró: bí ẹ bá fẹ́ aláfẹ́fẹ́ dé 15 PSI (òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe le tó), ẹsẹ̀ yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀lẹ dá a dúró sí 8, àárín rẹ̀ á rọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì tí fóòmù rẹ̀ ti kú.

Ìmúra: líle, ẹ gbé e sómi, ó parí. Aláfẹ́fẹ́, ẹ máa fi pọ́ǹpù ọwọ́ jà fún bí ìṣẹ́jú 10, òógùn á ti wẹ̀ yín kí omi tó wẹ̀ yín.

Afẹ́fẹ́: líle tún gba máàkì níbí, torí pé afẹ́fẹ́ kì í tètè gbé e lọ.

Ẹ rí i pé n ò ṣègbè. Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbígbé àti ọ̀rọ̀ ihò, ibẹ̀ sì ni owó mi gbà lọ.

Tòkunbọ̀ ni mo kọ́kọ́ rà, líle, ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínǹṣì 6, ₦180,000. Ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó ní òyìnbó kan ló lò ó fún oṣù mẹ́ta péré. Sítíkà ẹja ńlá kan wà nítòsí ìdí rẹ̀, mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. A dì í mórí mọ́tò, a gba Ṣàngó, a gba Ifọ̀, a forí lé Ìtorí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kòtò ibẹ̀ kì í wo ohun téèyàn rù. Kí a tó délé, okùn ti jẹ ọ̀dà orí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni, àwọn kan sì ti dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì pé ẹrù tó yọ sẹ́yìn mọ́tò ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo rà á, apá kan ni mo fi gbé e. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń gbé e, a sì ń mí hẹlẹ. Mo bá fi èékánná ṣí sítíkà ẹja yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ló ti sán, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi àárín, wọ́n sì ti fi nǹkan tí wọ́n fi ń dí bọ́ńpà mọ́tò dí i. Ẹ mọ̀ pé inú bọ́ọ̀dù líle, fóòmù funfun ni, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí. Òde nìkan ló le. Tí òde bá ti sán, omi á wọlé, ó di onílé nìyẹn. Mo gbé e sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ojú ibẹ̀ ń sẹ omi tín-ín-rín bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan tó ń tún bọ́ńpà ṣe, ó gba ₦45,000, ó dí i, ó kùn ún, ó ń dán. Kò kúkú dúró kó gbẹ. Inú rẹ̀ ló dí omi mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oòrùn pa á nínú ọgbà, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wú bí àkàrà nínú epo.

₦30,000 ni mo tà á. Ìyá kan tó ń ta ẹja ló rà á, ó fi ń pàtẹ. Sítíkà yẹn bá ọjà wọn mu, ká sọ tòótọ́.

Aláfẹ́fẹ́ tí mo ní báyìí, inú báàgì àgbékọ́yìn ló ń gbé. Mo ti gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin láti Láderin dé Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo rù. Àléébù rẹ̀? Ó wà. Pọ́ǹpù ọwọ́ sú mi lọ́jọ́ kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ó fẹ́ ẹ títí ó fi ń dún bí ìlù, mo fi í ti ògiri lóòrùn, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, ojú rírán ìdí rẹ̀ ti là. Ẹ̀bi èmi ni, kì í ṣe ẹ̀bi bọ́ọ̀dù. Sólúṣọ̀n fọkanáísà ò mú un, torí PVC ni, kì í ṣe rọ́bà táyà. Gọ́ọ̀mù tó bá a wá ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ó sì ń dúró títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sóòrùn, ẹ kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ onígbòkun, ọ̀rọ̀ ò gùn. Nígbà tí mo gbé líle lọ bá ẹ̀gbọ́n yẹn, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ìgbòkun méjì ni mo ní, n ò wá ẹ̀kẹta." Òótọ́ ni: tí ẹ bá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbá a, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí iwájú ọkọ̀ á máa fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Aláfẹ́fẹ́, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n tì í sí.

Létí òkun, èyíkéyìí tí ẹ bá ní, ẹ bi àwọn tó ń ṣọ́ omi níbi tí ẹ lè gbà gúnlẹ̀, ẹ má gba àárín àwọn tó ń wẹ̀ wọlé. Ẹnu bọ́ọ̀dù líle kì í ṣeré tó bá kan orí ọmọdé. Ẹ yẹra fún àwọ̀n àwọn apẹja. Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, láti 2008 ni wọ́n ti ka pádùbọ́ọ̀dù sí ọkọ̀ ojú omi tó bá ti kúrò níbi ìlúwẹ̀ẹ́, gbígbé jákẹ́ẹ̀tì dání sì di dandan. Tarkwa Bay rọ̀ nítorí òkúta tí wọ́n tò láti dá ìgbì dúró. Etí òkun Ẹlẹ́gúṣì ní Lẹ́kí kojú òkun gbalaja, kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra gidi: àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ojú òkun ló ń gbé èèyàn lọ. Tó bá ti ń le, ẹ kúnlẹ̀, ẹ máa wa àjẹ̀.

Nílé níbí, òkúta pọ̀ nínú Odò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lo lẹbẹ (èyí tó wà lábẹ́ ìdí bọ́ọ̀dù bíi ti ẹja) kékeré tó rọ̀. Ẹ má so okùn tó dè yín mọ́ bọ́ọ̀dù mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ nínú omi tó ń ṣàn. Ti ìbàdí tó ṣeé tú kíá ni kí ẹ lò. Ní adágún omi Ọ̀yán, àtọ̀sí ajá wà nínú omi, ẹ má fi ẹsẹ̀ ṣeré létí ibẹ̀.

Ta ni mo dá láre? Méjèèjì dára. Tí ẹ bá ní ilé létí omi ní Lẹ́kí, tí gáréèjì yín gùn, tí ẹ sì fẹ́ràn eré sísá, ẹ ra líle, tuntun. Àwa tó kù tá à ń wọ ọkọ̀ láti Abẹ́òkúta, ẹ ti mọ èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Tí ẹ bá sì fi àáké kọ́rí pé tòkunbọ̀ líle lẹ fẹ́, ẹ fi ọwọ́ kàn án kó-kó-kó láti orí dé ìdí, ẹ gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti kú, ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo. Ẹ má sì gé èékánná yín lọ́jọ́ náà.