MGB GT àbí Morris Minor: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba tí ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wù, méjì kan wà tẹ́ ẹ ó máa rí nínú ìpolówó ṣáá: MGB GT àti Morris Minor. Ẹ̀yà ara tuntun ṣì pọ̀ lọ́jà fún méjèèjì. Wọ́n ti lé ní 40 ọdún, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti fi wọ́n sí ìpín ọkọ̀ àtijọ́ lọ́dọ̀ DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ò ní san owó-orí ọkọ̀, ULEZ, owó èéfín ọkọ̀ ti London, náà ò sì kàn yín. Mo ti ní MGB GT rí, mo sì ti tà á. Morris Minor ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí. Mi ò ní ka agbára ẹ́ńjìnnì àti eré wọn fún yín, ìyẹn wà níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ ibi tí owó ń gbà jáde ni mo bá wá.

Irin ló ṣáájú. Nínú méjèèjì, kò sí ṣáásí tó dá dúró lábẹ́; ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ́ńjìnnì, táyà àti èèyàn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ò sì mojú ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni bí ìdógùn-ún ṣe ń fara pa mọ́, àti iye tí wẹ́dà máa gbà lọ́wọ́ yín kó tó bá a níbi tó sá sí.

Ẹ wo sill MGB, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Kì í ṣe irin kan, awẹ́ mélòó kan ni, lára wọn ni èyí tó wà níta tójú ń rí, irin pẹlẹbẹ kan tó dúró ní àárín, àti èyí tí wọ́n ń pè ní castle section nísàlẹ̀ pátápátá. Orí sill wọ abẹ́ fẹ́ńdà iwájú lọ, ìdí rẹ̀ wọ abẹ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn lọ. Fẹ́ńdà iwájú ṣeé tú, ṣùgbọ́n wọ́n jó ti ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sill bó ṣe yẹ máa tú fẹ́ńdà iwájú sílẹ̀, á gé ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, á fi irin ti ojú ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀, á jó gbogbo awẹ́ náà padà, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Irin tuntun yẹn ò wọ́n. Wákàtí tí wẹ́dà máa fi ṣe é lẹ máa sanwó fún, wákàtí náà sì ń gùn bó bá ṣe ń gé e tó ń rí òmíràn.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà. Wọ́n á mú sill tuntun, wọ́n á jó o lé èyí tó ti jẹrà lórí, wọ́n á fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, wọ́n á sì kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú tó nípọn. Bí ẹni wọ agbádá tuntun lé àkísà ni. Irú rẹ̀ ni wọ́n tà fún mi. Ọ̀dà ń dán, ilẹ̀kùn ń pa dé wẹ́rẹ́, ẹni tó tà á sì ń tẹnu mọ́ ọn pé wọn ò tíì pẹ́ ṣe sill. Kò purọ́, wọ́n ṣe é. Ìgbà tí wẹ́dà gé e, sill méjì ló bá lórí ara wọn, ti inú ti di ìyẹ̀fun pupa, kò sì sí nǹkan kan tó ń jẹ́ castle section mọ́ ní apá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Iye tó pè fún mi lọ́jọ́ náà fẹ́ẹ̀ tó iye tí mo ra ọkọ̀.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù ni òrùlé GT. Lára MGB aláìlórùlé, tí sill bá ti rọ, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, àlàfo ilẹ̀kùn á fún lókè, ojú lásán á sì rí i. GT ní òrùlé irin tó di iwájú mọ́ ẹ̀yìn, nítorí náà ó lè jẹrà nísàlẹ̀ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì máa pa dé bíi tuntun. Ẹ má fi ilẹ̀kùn dá GT láre.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e kó má bàa ha ọ̀dà. Ẹ fi rin ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú lẹ́yìn táyà, ẹ fi rin gbogbo gígùn sill, títí dé igun tó wà níwájú táyà ẹ̀yìn. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti já bọ́, pọ́tì ló wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ bọ inú ihò táyà iwájú. Ẹrẹ̀ máa ń kó jọ sẹ́yìn ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un. Aṣọ òde kọ́ lẹ máa wọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wo abẹ́, ó yẹ kẹ́ ẹ rí castle section pẹ̀lú igun-igun irin rẹ̀ kedere. Tó bá jẹ́ pé ó rí pẹẹrẹ, tí ọ̀dà dúdú sì bò ó ṣíkẹ́ṣíkẹ́, ẹ kí oníǹkan, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé MoT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún ti ìjọba. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba ti yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ lè wà lójú títì lónìí kí ẹnikẹ́ni má tíì wo abẹ́ rẹ̀ láti ọdún yẹn. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí ojú ewé GOV.UK, ọ̀fẹ́ ni. Àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò àtijọ́ á jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún sí i léraléra, tí ó wá dákẹ́ lójijì láti 2018, ó ti yé yín nìyẹn.

Morris náà ń dógùn-ún o. Irin tó dábùú lábẹ́ àga iwájú, ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti kọ́ mọ́ ara ọkọ̀, ilẹ̀ ọkọ̀, sill tirẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ hàn síta. Fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé tú, èyí tó pọ̀ jù nínú irin abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, wẹ́dà àdúgbò sì lè gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, kó fi ìwọ̀nba irin dí i, láì tú ìdajì ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi pọ́tì bo àṣírí Morris á ṣiṣẹ́ gidi.

Ewu ti Morris wà níbòmíràn. Lẹ́sẹ̀ iwájú, ibi tí wọ́n ń pè ní trunnion, irin eléyín méjì ló wọnú ara wọn, gíríìsì nìkan ló sì wà láàárín wọn. Tí gíríìsì bá gbẹ, eyín á jẹ, tó bá sì jẹ tán, ẹsẹ̀ táyà á yọ, ọkọ̀ á dojú bolẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì í. Tó bá ń mì, ẹ ní kí wọ́n yọwó. Ìbọn gíríìsì kan ni oògùn rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan.

Yàtọ̀ sí Morris lásán, Traveller wà, èyí tó ní igi lẹ́yìn. Igi ash yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ ró. Tó bá ti dúdú láwọn oríkèé, owó káfíńtà àtàtà lẹ fẹ́ ná. Èmi ò ní rà á.

Bíríìkì: MGB borí láìjanpata, ó ní dísíìkì níwájú. Dúrọ́ọ̀mù ni Morris ní yíká, bẹ́ẹ̀ wọ́n tún fi master cylinder rẹ̀, èyí tó ń ti epo bíríìkì, pa mọ́ sínú irin abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹni tó bá tú u rí mọ èébú tí mo bú ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi dísíìkì sí tiwọn, ẹ wá irú bẹ́ẹ̀.

Pọ́ǹpù epo SU: abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà ní Morris, tó bá dákẹ́ ẹ kàn án ní kóńdó díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún tí-tí-tí. Ti MGB wà lẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀, nítòsí táyà, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ ti ń bá a. Ẹ fojú inú wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà M25 nínú òjò.

Epo: ọ̀kan náà ni wọ́n. E10, epo tí ethanol inú rẹ̀ lè tó 10%, tó gbòde láti 2021, ń jẹ rọ́bà àtijọ́, E5 tí ethanol rẹ̀ kéré ni kẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá rọ́bà epo. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe orí ẹ́ńjìnnì fún epo tí kò ní òjé.

Sípánà: mílímítà ò bá ìkankan mu. Ẹ ra ti ínǹṣì.

Ìrìn jíjìn: MGB tó ní overdrive, àfikún jíà tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra yí lórí eré. Morris ń rin òpópónà M1, ṣùgbọ́n lọ́ríì á máa kí yín látẹ̀yìn.

Èèyàn: àgbàlagbà mẹ́rin wọ Morris, ìyá ìyàwó wé gèlè òwàm̀bẹ̀ láìtẹ orí. Àga ẹ̀yìn GT, báàgì ló wà fún. Tí Morris yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní bẹ́líìtì, ọmọ tí kò tíì pé 3 ọdún kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, òfin ni. Àwọn àgbà wa tó wà nílé ní àwọn ọdún 1960 á sì máa dá yín dúró ní Peckham láti sọ ìtàn Morris tí wọ́n wọ̀ rí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Nípa ọ̀rọ̀ ìdájọ́, méjèèjì ló dáa, ó kù sọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ tó lẹ́wà tó sì ń sáré, tó ní gáráàjì gbígbẹ, tó sì ní wẹ́dà lẹ́bí, MGB GT á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ara MGB tuntun odindi láti 1988, British Motor Heritage ló ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti GT tó ń rìn dáadáa lọ. Ẹni tó fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe ní ọjọ́ Sátidé, kó sì mọ ohun tí òun rà lọ́jọ́ tó rà á, ẹ lọ wá Morris onílẹ̀kùn méjì tó ní ẹ́ńjìnnì 1098 cc, tí wọ́n kọ ọjọ́ gíríìsì rẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ GT náà lẹ fẹ́ ṣá, ẹ wá èyí tó jáde láàárín 1968 sí 1974, kí bọ́ḿpà tó di rọ́bà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń jó sill hàn yín, pẹ̀lú fẹ́ńdà nílẹ̀. Bí kò bá sí fọ́tò, ẹ yọ owó sill méjèèjì kúrò nínú iye tó pè kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.